Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n san owó ìwé ẹ̀rí yìí fún àbúrò mi?

Wálé, Wuse: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi obìnrin ka radiography, iṣẹ́ yíya àwòrán X-ray, ní Yunifásítì Bayero, Kánò, ọdún márùn-ún gbáko. Ó ti ṣe internship, ó sì máa tó parí àgùnbánirọ̀ ní Kàtsínà. Ẹnìkan wá bá a lórí WhatsApp pé tó bá san ₦200,000, àwọn á sọ ọ́ di "Fellow", ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ onípò gíga, nínú ẹgbẹ́ kan lókè òkun, á sì máa kọ lẹ́tà mẹ́rin sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Kò sí ìdánwò kankan o. Èmi ni mo máa sanwó. Aṣọ ni mò ń tà ní tèmi, ohun tí mo mọ̀ nípa X-ray kò ju "bọ́ ẹ̀wù, má mí" lọ. Ṣé ìwé yìí á bá a ríṣẹ́?

Àǹtí Fúnkẹ́, Gwarinpa: Ẹ dá owó yín dúró ná. Mo wà lára àwọn tó ń gba radiographer síṣẹ́ níbi tí mo wà. Láísẹ́ńsì RRBN ti ọdún yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Radiographers Registration Board of Nigeria nìyẹn, àwọn ló ń fún wa láṣẹ iṣẹ́, òfin ọdún 1987 ló gbé wọn kalẹ̀, Abuja níbí náà ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Àwọn ọmọ yìí á gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ti fi gíláàsì bò wá, kó o wá béèrè láísẹ́ńsì, wọ́n á máa wo ilẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí orúkọ èèyàn wà nínú ìwé RRBN, ọ̀tọ̀ ni kí àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì múlẹ̀. Ọdọọdún là ń tún un gbà. Owó nìkan kọ́ sì ni, èèyàn gbọ́dọ̀ máa lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ CPD, ti àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ti Fellow yẹn, mi ò tíì rí ọ̀gá tó béèrè rẹ̀ rí.

Bàbá Ìbejì, Kàdúná: ARN, ẹgbẹ́ àwọn radiographer Nàìjíríà, ńkọ́? Ṣebí àwọn náà ń gbowó.

Àǹtí Fúnkẹ́, Gwarinpa: Ẹgbẹ́ wa nìyẹn, bàbá. Àwọn ló ń bá wa jà fún owó oṣù, tí wọ́n ń pe àpérò ọdọọdún. Kó wọ̀ ọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kọ́ ló ń fúnni láṣẹ iṣẹ́.

Táyọ̀, Jabi: Ó lè jẹ́ jápa ló wà lọ́kàn ọmọ náà. Tó bá jẹ́ ìlú ọba, HCPC ni kó wá, àjọ tó ń forúkọ àwọn radiographer sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ 7.0 nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka kankan ò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju 6.5 lọ, wọ́n á sì yẹ ohun tó kọ́ ní yunifásítì wò fínnífínní. Ẹni tí kò bá sí lórí ìwé HCPC tó ń pe ara rẹ̀ ní radiographer níbẹ̀, òfin á mú un. Ẹ wá wò ó, òfin yẹn ò de orúkọ "sonographer", ẹni tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara (scan). Society of Radiographers wọn, ẹgbẹ́ lásán ni, bíi ARN.

Alhaja Síkírá, Minna: Amẹ́ríkà ńkọ́? Scan ni ọmọ tèmi fẹ́ràn.

Táyọ̀, Jabi: Alhaja, ti Amẹ́ríkà le díẹ̀. ARRT, àjọ tó ń fún òṣìṣẹ́ X-ray níwèé ẹ̀rí níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn fọwọ́ sí ni wọ́n ń wò. Fún scan, ARDMS ni àjọ tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí. Ìdánwò méjì ni, ọ̀kan lórí bí ìró ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, èyí tí wọ́n ń pè ní SPI, ìkejì lórí ẹ̀yà ara tó bá yàn. Ìwé tí wọ́n ń fi ìdánwò gbà nìyẹn o, kì í ṣe ti WhatsApp.

Àǹtí Fúnkẹ́, Gwarinpa: Wálé, ẹ tún sọ fún un pé kó tó gba iṣẹ́ níbikíbi, kó béèrè bóyá NNRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ohun tó ní ìtànṣán, ti fún ibẹ̀ láṣẹ láti lo ẹ̀rọ X-ray, àti bóyá wọ́n á fún un ní báàjì tó ń ka ìtànṣán tó ń wọ ara òṣìṣẹ́. Ibòmíràn, wọ́n á ní "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀" títí.

Wálé, Wuse: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni yẹn tún ti pè é, ó ní owó ti wálẹ̀ sí ₦120,000. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Àǹtí, ti láísẹ́ńsì yìí, ṣé mo lè fi owó rán ẹnìkan sí RRBN?

Àǹtí Fúnkẹ́, Gwarinpa: Rárá o. Kó wọ wẹ́ẹ̀bù wọn fúnra rẹ̀.