Àlòkù ọ̀dà títì: tó bá ti dé 30%, kí ló ń mú títì sán?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àlòkù ọ̀dà tí wọ́n họ lójú títì ló jẹ́ 30% àpòpọ̀ wa. Bítúmẹ̀nì (ọ̀dà dúdú tó ń lẹ òkúta pọ̀) 5.1% ni àpòpọ̀ ọ̀hún ń fẹ́. Àlòkù ní 5% nínú, ìyẹn mú 1.5% wá, la bá fi bítúmẹ̀nì tuntun 3.6% kún un, ìpele 60/70. Èéfín aláwọ̀ búlúù ń yọ lára ẹ̀rọ, títì sì ń sán wínníwínní. Ṣé ká tún fi bítúmẹ̀nì kún un ni?

Èsì 1
Ẹ má tíì fi kún un. Ìṣirò yín pé, àmọ́ bítúmẹ̀nì tó ti pẹ́ lóòrùn ti gan. Tí pẹnẹtréṣọ̀n rẹ̀ (bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ inú rẹ̀ tó; bó bá ṣe kéré tó ló ṣe le tó) bá jẹ́ 20, tí tuntun jẹ́ 65, àdàpọ̀ wọn ò ní ju bíi 46 lọ (lọ́gárídíìmù la fi ń ṣírò ẹ̀). Ẹ fi 80/100, tó rọ̀ jù ú lọ, rọ́pò 60/70, á sún mọ́ 58. Àlòkù tí ò ju 15% lọ kì í sábà béèrè ìyípadà. Láti 15 sí 25, ẹ lo bítúmẹ̀nì tó fi ìpele kan rọ̀ jù. Tó bá ju 25 lọ, àfi kẹ́ ẹ yọ bítúmẹ̀nì àlòkù jáde, kẹ́ ẹ wọn líle rẹ̀.

Èsì 2
Ti èéfín yẹn yàtọ̀: iná ló ń jó àlòkù. Ẹ má jẹ́ kó fojú kan iná rárá. Òkúta tuntun ni kẹ́ ẹ yan kó gbóná kọjá bó ṣe yẹ, kí àlòkù gba àárín dúrọ́ọ̀mù (àgbá ẹ̀rọ tó ń yí) wọlé, kí ooru òkúta yọ́ ọ. Omi ló sì ń ba èyí jẹ́ jù. Àlòkù tó ní 5% omi, 50 kg omi lẹ fẹ́ sè gbẹ nínú tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan! Ẹ kọ́ òrùlé sórí òkìtì náà, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tapólì ò dáa, ṣe ni á máa làágùn lábẹ́ rẹ̀. Kàtàpílà ò sì gbọdọ̀ gùn ún, á dì gbagidi.

Èsì 3
Ẹ wo eruku pẹ̀lú. Ẹ mú hóró àlòkù kan tó tó òkúta 12 mm, ẹ gbé e sínú páànù gbígbóná. Á tú, ẹ ó sì rí i pé yanrìn àti eruku ló lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tá a fi ń jó bítúmẹ̀nì rẹ̀ dànù ní 538°C ká tó jọ̀ ọ́. Ìdá èyí tó bá kọjá asẹ́ 0.075 mm, ẹ fi ìdá bítúmẹ̀nì tó ń ṣiṣẹ́ (èyí tí òkúta ò fà mu) pín in. Kó wà láàárín 0.6 sí 1.2. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ya àlòkù kíkúnná sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ dín in kù.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. 60/70 nìkan ló wà nínú táńkì o.

Èsì 1
Ẹ já àlòkù wálẹ̀ sí 15% nígbà náà, 60/70 á gbé e.