Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìfètòsọ́mọbíbí wo ló bá ẹni tó ń lo oògùn HIV mu?

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lo oògùn HIV, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi sì ti lọ sílẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí i mọ́. Ọmọ méjì ni mo bí, kò sí èyí tó ní in nínú wọn, bàbá wọn náà kò ní in. A fẹ́ sinmi ọmọ bíbí fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tó bá ní HIV kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá ìfètòsọ́mọbíbí sápá. Ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ ló léwu. Ọ̀rọ̀ náà ti tojú sú mi. Kí lẹ̀yin ń lò?

Sùúrù
Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ni mo ń gbà, ó sì bá mi lára mu. Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti lóyún ni. Nọ́ọ̀sì ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dá a dúró, oyún lè pẹ́ kó tó dé o, ó lè tó oṣù mẹ́wàá.

Ìyá Àbíkẹ́yìn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi. Ọ̀pá kékeré méjì tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá ni mo ṣe, wọ́n ní ọdún márùn-ún ló máa lò. Kò pé ọdún méjì tí èébì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń fọwọ́ tẹ apá mi, ọ̀pá méjèèjì wà níbẹ̀ gbọingbọin, síbẹ̀ ìlà méjì ló yọ lórí àyẹ̀wò oyún. Mo rò pé èmi ni mo ṣe nǹkan tí kò dáa. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé efavirenz, oògùn HIV tí mo ń lò, ló ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó fi í sí mi lápá kò bi mí ní oògùn tí mo ń lò, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ mi dọ́ba, àmọ́ ìpayà yẹn, n kò fẹ́ kó ṣe ẹnikẹ́ni.

Agbẹ̀bí
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Àbíkẹ́yìn. Ẹ̀bi yín kọ́ rárá. Efavirenz máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ họ́mọ́ọ̀nù tó ń dènà oyún nínú ọ̀pá náà túútúú, èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á wá dín kù. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta kì í sábà rí ìdíwọ́ lọ́wọ́ efavirenz. Lúùpù oníbàbà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, kò ní họ́mọ́ọ̀nù kankan nínú, nítorí náà kò sóhun tí oògùn máa bàjẹ́ níbẹ̀.

Dolutegravir kì í ba họ́mọ́ọ̀nù jẹ́, òun sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣíwájú nínú oògùn HIV láti 2019. Torí náà, Ìyá Ọlọ́mọ Méjì, kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ wo ara ike oògùn yín. Orúkọ wo lẹ rí níbẹ̀? Ẹ má sì dá oògùn HIV dúró torí ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ jọ̀wọ́.

Olùwádìí
Ní ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó léwu: ohun tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù ni pé bóyá ó ń jẹ́ kí obìnrin tí KÒ ní HIV tètè kó o. Wọ́n ṣèwádìí rẹ̀ láàárín obìnrin 7,829 ní South Africa, Kenya, Zambia àti Eswatini. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, wọn kò rí ìyàtọ̀ gbòógì láàárín abẹ́rẹ́, lúùpù oníbàbà àti ọ̀pá inú apá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní in tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kò kàn yín.

Bàbá Ilé
Ìyàwó mi ló ní in, èmi kò ní. Níwọ̀n ìgbà tí àyẹ̀wò kò bá ti rí kòkòrò náà mọ́, tí kò sì pa oògùn jẹ, kò lè kó o ràn mí. Síbẹ̀ a ń lo kọ́ńdọ̀mù mọ́ lúùpù, torí àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù. Kọ́ńdọ̀mù nìkan kò tó fún wa: bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó, nǹkan bí obìnrin 13 nínú 100 ló ń lóyún láàárín ọdún kan. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ síbẹ̀ o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì
Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti lọ wo ike náà báyìí: dolutegravir, lamivudine, tenofovir. Ṣé mo lè fi sápá nìyẹn? Lúùpù náà wù mí, àmọ́ nǹkan oṣù mi máa ń pọ̀.

Agbẹ̀bí
Ẹ lè fi sápá dáadáa. Tí nǹkan oṣù yín bá ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, lúùpù oníbàbà lè fi kún un, pàápàá ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì
Ó ti yé mi. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa lọ gba oògùn. Mo ti fi ike náà sínú báàgì mi, bàbá wọn sì ti ní òun máa tẹ̀ lé mi.