Káàdì àwìn mélòó ló tó fún ẹni tó fẹ́ fi póìǹtì rìnrìn-àjò?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì àwìn méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Èkíní ń fúnni ní póìǹtì púpọ̀, ìyẹn èrè orí owó tá a bá ná tá a lè fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, lórí oúnjẹ àti epo ọkọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ni èkejì. Mo máa ń san gbogbo gbèsè mi lóṣooṣù, torí bí mi ò bá san án tán, èlé ò ní pẹ́ gbé èrè póìǹtì mì.

Ní báyìí, mò ń ronú ẹ̀kẹta, irú èyí tí a lè gbé póìǹtì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ká má parọ́, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún oníbàárà tuntun ló wọ̀ mí lójú. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ná iye kan láàárín oṣù mẹ́ta kó tó tẹni lọ́wọ́, mi ò sì ní torí ẹ̀bùn ra ohun tí mi ò nílò. Owó ọdọọdún tí wọ́n ń gbà lórí káàdì náà tún ga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá owó ọdọọdún yẹn pé yín? Ṣé kí n fagi lé ti ọkọ̀ òfuurufú, àbí kí n ṣì máa lò ó torí àǹfààní gbígbé ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́? Póìǹtì tá a bá ti gbé kọjá kì í sábà ṣe é dá padà. Ṣé ẹ máa ń kọ́kọ́ rí ìjókòó tẹ́ ẹ lè fi póìǹtì rà nínú ọkọ̀ òfuurufú kẹ́ ẹ tó gbé e?

Ohun kan tún kù: mo fẹ́ yá owó ra ilé láìpẹ́, bíbéèrè káàdì tuntun sì lè dín máàkì àwìn ẹni kù, ìyẹn máàkì tí àwọn ayánilówó ń wò kí wọ́n tó yáni lówó. Ṣé kí n ní sùúrù ná?