Òjò pa tòmátò, ọ̀gbẹlẹ̀ tún pa ẹ̀fọ́, lọ́dún kan ṣoṣo: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń gbin ohun tí à ń jẹ nílé: tòmátò, ata rodo, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti úgú. Ilẹ̀ amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́ síhà ògiri wa.

Lọ́dún yìí, òjò oṣù kẹfà rọ̀ débi pé omi ń sùn sí ìdí tòmátò àti ata mọ́jú. Ewé wọn pọ́n, wọ́n rọ, wọ́n sì kú tèso-tèso. Mo tún ojú ibẹ̀ ṣe, mo gbin tẹ̀tẹ̀ àti úgú sí i ní oṣù keje. Bí wọ́n ṣe hù tán ni òjò ṣíwọ́. A mọ̀ pé òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n ti ọdún yìí kọjá ìsinmi. Ilẹ̀ sán. Tẹ̀tẹ̀ ti ń yọ òdòdó nígbà tí kò tíì ga dé orúnkún, úgú ò sì fà mọ́. Omi kànga lọ sílẹ̀, ìwọ̀nba tó kù, òun la fi ń wẹ̀, òun la fi ń se oúnjẹ.

Ṣé oògùn kan náà wà fún òjò àpọ̀jù àti ọ̀gbẹlẹ̀, àbí ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan? Mi ò fẹ́ fi ọgbà yìí sílẹ̀. Gbogbo yín náà ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta tòmátò lọ́jà.

Kẹ́mi, Èkó

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bí ewé bá ti ń pọ́n lẹ́yìn òjò, ajílẹ̀ oníyẹ̀fun ni kí ẹ tètè wọ́n sí i. Òjò ti fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ ni.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Òṣogbo

Àbúrò mi Kẹ́mi, òótọ́ ni pé òjò ńlá máa ń fọ oúnjẹ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Tọ́pẹ́ sọ yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò ń mí. Bí omi bá kún gbogbo àlàfo inú ilẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ fún un mọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa ajílẹ̀ kankan, ìyẹn ni ewé ṣe ń rọ bí ẹni pé omi ò tó nígbà tí ìdí rẹ̀ wà nínú omi. Ẹni tó bá wá da ajílẹ̀ oníyẹ̀fun lé irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ lórí ń jó o ni. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ ná, kí ewé tuntun yọ, kí ẹ tó fún un lóúnjẹ.

Ohun kejì ló ń kọ mí lóminú. Tòmátò àti ata kú pọ̀, ní ojú kan náà. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó fẹ́ràn ooru àti omi, tó máa ń mú kí tòmátò rọ kíá nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Bí ẹ bá tún rí èyí tó rọ bẹ́ẹ̀, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ rọra fi ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́ gaara, kí ẹ má mì í. Bí nǹkan funfun bíi omi wàrà bá ń fà jáde láti ojú igi náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àrùn yẹn ni. Kò sí oògùn tí ẹ máa fín tó máa wò ó. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ tu, ẹ sun ún, kí ẹ má sì gbin tòmátò, ata, ìgbá tàbí ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) sójú ibẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta ó kéré tán. Àgbàdo lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ jẹ tòmátò, ẹ gbin ín sínú àpò ìrẹsì tí ẹ lu ìdí rẹ̀, kí ẹ lọ bu ilẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn. Ẹ fọ ọkọ́ tí ẹ fi ro ojú ibẹ̀ kí ẹ tó fi ro ibòmíràn.

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Sí ìbéèrè yín gan-an: oògùn kan náà ni, inú ilẹ̀ ló sì wà. Amọ̀ tó le kì í jẹ́ kí omi wọlẹ̀ lásìkò òjò, òun náà ni kì í ní nǹkan kan nípamọ́ fún gbòǹgbò nígbà tí òjò bá lọ. Ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà bá pọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ó ń jẹ́ kí àpọ̀jù omi kọjá, ó sì ń fa ìwọ̀nba mú. Nítorí náà, ewé gbígbẹ, èèpo iṣu àti ti ògẹ̀dẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa (tútù rẹ̀ ń jó irúgbìn), ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kó jẹrà, kí ẹ máa ro ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má da iyanrìn díẹ̀ sí amọ̀ pé ẹ fẹ́ kó rọ̀ o. Ńṣe ló máa dì bíi bíríkì.

Kí ẹ lè mọ bí ó ṣe le tó, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún rọ òmíràn. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ wà ní pẹrẹsẹ níbẹ̀ lásìkò òjò.

Lásìkò òjò, ẹ kọ ebè gíga, kí poro rẹ̀ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, kó má ṣe tẹ̀lé e lọ tààrà, nítorí àgbàrá tó bá rí ọ̀nà tààrà máa kó erùpẹ̀ yín lọ sídìí ògiri. Kí poro ìkẹyìn ní ọ̀nà àbájáde sínú gọ́tà. Tí ẹ̀rùn bá ń bọ̀, ẹ yí i padà, inú poro ni kí ẹ gbin sí, kí ìwọ̀nba omi tí ẹ bá bù máa wọ́ sí ìdí rẹ̀. Ebè gíga nínú ẹ̀rùn á gbẹ ṣáájú gbogbo ilẹ̀ tó kù. Ọgbọ́n tí àwọn bàbá wa ń dá ní àkùrọ̀ kò jìnnà sí èyí: wọ́n ń wá ẹ̀fọ́ lọ sí ibi tí omi wà.

Bàbá Oníkòkò, Ìbàdàn

Ìyá Tọ́pẹ́, ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oṣù kẹjọ ni òjò ń sinmi, ẹ rántí pé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ ìlú Ìbàdàn níbí. Omíyalé ti ọdún 2011 náà, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ni. Oṣù tí a ní kí òjò sinmi ni méjèèjì. Kì í ṣe òní ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í da kàlẹ́ńdà rú, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó ti ń ṣe é léraléra jù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹni tó bá ní ọgbà, kó múra fún àgbàrá àti ọ̀gbẹlẹ̀ nínú oṣù kan náà.

Ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ ni àkọ́rọ̀ òjò. Òjò kan ṣoṣo á rọ̀ ní oṣù kẹta, gbogbo ènìyàn á sáré gbin nǹkan, òjò ò tún ní padà wá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Irúgbìn á hù, á sì kú. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹ tẹ ilẹ̀ wò bóyá ó tutù délẹ̀. Àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Wọ́n ń sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tó máa tán, wọ́n sì ń sọ ti ọ̀dá tó lè wà láàárín rẹ̀. Ẹ máa wá a gbọ́. Ẹ má sì gbin gbogbo irúgbìn yín lọ́jọ́ kan. Ẹ gbin díẹ̀, ẹ dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún gbin díẹ̀. Èyí tí òjò bá bà jẹ́, òmíràn á yè.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi, nítorí òun ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Tọ́pẹ́. Òjò tó pa tòmátò yẹn ni ì bá gba tẹ̀tẹ̀ là, bí ibi ìpamọ́ bá wà. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Òjò mìlímítà kan lórí òrùlé tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sí i, lítà 1,200 ni, láì ka èyí tó máa ta dànù. Àgbá onílítà 200 mẹ́fà nìyẹn, láti inú òjò kan péré.

Ẹ so páànù ìgbomi mọ́ etí òrùlé, kí ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́ fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ lọ ná. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn dé ẹnu àgbá pinpin. Èyí kì í ṣe ohun àfojúfò, nítorí omi tí a ṣí sílẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí, ibà ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Lóòótọ́, àgbá mẹ́fà kò lè gbé ọgbà ńlá la oṣù méjì ọ̀gbẹlẹ̀ kọjá. Àmọ́ ó tó fún úgú àti ata díẹ̀. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ náà, ẹ má dà á nù. Omi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi tí ẹ pò oògùn ìfọ̀nǹkan-funfun mọ́ ni kí ẹ má bù sí i.

Dàpọ̀, London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú níbí lásìkò ooru. Lọ́dún 2022, ọjọ́ 19 oṣù keje, ooru kọjá ìwọ̀n 40 Celsius ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àkọsílẹ̀. Kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n ti fòfin de fífi họ́ọ̀sì bomi rin ọgbà ní ìlú wa. Garawa la fi ń bu omi. Ohun tó yọ tẹ̀tẹ̀ mi ni koríko gbígbẹ tí mo tẹ́ bo ilẹ̀ ní ipọn ìka mẹ́rin, àti pé ìdàájí ni mo ń bomi rin ín, ní ìdí, kì í ṣe lórí ewé. Ẹ bu omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó sàn ju ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ lọ. Ìwọ́nwọ́n kì í jẹ́ kí gbòǹgbò wá ìsàlẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé, Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ́gbọ̀n Dàpọ̀ sọ. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kí koríko náà jìnnà díẹ̀ sí igi ẹ̀fọ́, nítorí ikán fẹ́ràn rẹ̀ nínú ẹ̀rùn nílé níbí, ìgbín náà sì ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ lásìkò òjò. Imọ̀ ọ̀pẹ tí ẹ bá fi bo irúgbìn kéékèèké lórí lọ́sàn-án máa ń ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìbàdàn

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere, gbogbo yín. Màá fi ife omi yẹn dán tòmátò kan tó ṣẹ́kù wò lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́kù. Nígbà tí àgbàrá oṣù kẹfà yẹn wọlé, omi ṣọ́kàwéè láti ilé kejì bá a wá, ó sì gba ìdí ògiri kọjá. Ṣé a ṣì lè jẹ ohun tó bá hù níbẹ̀?

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Òṣogbo

Ẹ̀fọ́ tí omi yẹn kàn lára, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Fífọ̀ kò tó. Ẹ dúró tó oṣù mẹ́rin, kí òòrùn pa ilẹ̀ náà, kí ẹ tó kórè ohunkóhun tí ewé tàbí èso rẹ̀ ń kan ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, ohun tí ẹ ń sè jinná ni kí ẹ gbìn, kí ẹ má gbin ohun tí ẹ ń jẹ ní tútù. Bí àgbàrá bá máa ń gba ibẹ̀ lọ́dọọdún, ògẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀, ó fẹ́ràn omi, èso rẹ̀ sì jìnnà sí ilẹ̀. Ẹ gbin ewúro sí òkè díẹ̀, ibi tí omi kì í dúró sí, ó máa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ju tẹ̀tẹ̀ lọ. Ẹ sì bá ará ilé kejì sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí kí òjò oṣù kẹsàn-án tó dé, kó tún ìdérí ṣọ́kàwéè rẹ̀ ṣe.