Ìyapa-irin kọ́, ọkọ̀ náà yẹ̀ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn fi ọ̀rọ̀ tuntun méjì ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá fún àwa tí a ń fi rélùwéè kékeré ṣeré nínú ilé. Wọ́n ní kí a máa pe jàǹbá ọkọ̀ tó bọ́ kúrò lórí irin ní "ìyapa-irin", kí a sì máa pe àìlèsáré ọkọ̀ ní "ìfàlẹ̀". N ó padà sí ìfàlẹ̀. Ìyapa yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ta ló ń yà? Ẹni tó fẹ́ yà ni. Bí mo bá ń lọ sí Ìtòkú, tó wù mí kí n kí àbúrò bàbá mi lọ́nà, mo yà nìyẹn. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn sí àárín irin kò gbèrò àtilọ síbì kankan. Tó bá wá dé oríta irin, tó fi irin kan sílẹ̀ tó bọ́ sórí èkejì wọ́ọ́rọ́wọ́, kí la ó pe ìyẹn? Ibẹ̀ gan-an ló ti ń yà!

Yẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n; ìyẹ̀ ló yẹ ká pe jàǹbá náà. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, n kò gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu wọn rí: "Ó yẹ̀ lójú irin." Bí orúnkún ṣe ń yẹ̀ nìyẹn, tí a fi ń wá àwọn tó ń to eegun lọ. Ẹnìkan kì í bi orúnkún pé ṣé ó wù ú.

Mo mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n máa gbà yọ. Wọ́n á ní yẹra àti yẹsẹ̀ ńkọ́, ṣebí ẹni tó yẹsẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohùn rẹ̀. Tí yẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ á gòkè di àárín, ìfẹ́ ọkàn á sì wọ̀ ọ́. Tó bá dá dúró, jàǹbá ni. Ẹlòmíì ní ìyẹ̀ máa jọ ìyẹ́ adìyẹ. Ẹ jẹ́ kí a kúkú kó ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ dànù pọ̀.

Àwọn tó ní ìṣeré ọmọdé ni, pé kò yẹ ká fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gidi sọ ọ́: ìdá kan nínú 87 ọkọ̀ gidi ni tèmi; ẹ fi 87 sọ mílímítà 16.5 tó wà láàárín irin mi di púpọ̀, ẹ ó bá irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, mílímítà 1435. (Irin àtijọ́ tó gba Láfẹ́nwá kò tilẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, 1067 ni.) Bí gbogbo ọkọ̀ mi bá ń yẹ̀ lójú kan náà, irin ló jẹ̀bi, ìsopọ̀ ibẹ̀ ti ga ju ara wọn lọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá ń yẹ̀ níbi gbogbo, mo máa wọn àlàfo ẹsẹ̀ ọ̀tún sí tòsì. Ọ̀kan ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹsẹ̀ kan ti sún wọnú. Mo rọra fà á jáde lórí ọ̀pá rẹ̀, ó tán.

Ní ti ìfàlẹ̀, àmì orí rẹ̀ gan-an kò tọ̀nà. Fà àti ilẹ̀, falẹ̀ ni; òfin kan náà tí mo sọ lókè. Ọ̀lẹ ló sì ń falẹ̀. Ebi iná ló ń pa ọkọ̀ yìí: iná fóòtì 12 ń gba irin kọjá sí ẹsẹ̀, láti ẹsẹ̀ dé ẹ́ńjìnnì, eruku ọyẹ́ àti òróró dídì wá dínà. Ẹ fi aṣọ àti sípírítì nu irin, kí ẹ nu ẹsẹ̀ náà. Bí kò bá yí padà, ẹ tú u. Mo ti yọ irun orí ọmọ mi láàárín eyín ẹ́ńjìnnì rí. Èmi a máa ní "ó ń wọ́", àmọ́ ìwọ́ ti di ti ìdodo. Ta ló ní òmíràn?

Ẹ̀gbọ́n tún jù ú sọ́rọ̀ pé Ẹ̀gbá kò mọ ojúlówó Yorùbá. Níbo ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ní 1859, bí kò ṣe Abẹ́òkúta wa? Ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa. Sípírítì mi ti tán, mo ń lọ ra òmíràn.