Ẹ gbà mí o, íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa lóko ti sú mi. Èwo ni kí n rà?

Adùnní Oko: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A kó kúrò nígboro wá sílé tó wà lóko. Ọkọ mi ló fẹ́ràn ibẹ̀, ó ní ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà máa pa rọ́rọ́. Bí mo bá wọ ìpàdé pẹ̀lú ọ̀gá mi, àwòrán mi á dúró gbagidi lójú kọ̀ǹpútà, ẹnu mi á là sílẹ̀, wọn á ní "a ò gbọ́ yín mọ́ o." Oníbàárà kan ti fi mí sílẹ̀, ó ní òun ò lè máa bá ẹni tí ohùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá ọkọ mi wá ń dá kún un, wọ́n ní fóònù ti pọ̀ lọ́wọ́ mi jù.

Mo ti béèrè kiri. Ẹni tó ń ta sátẹ́láìtì ní tòun ló dáa, ẹni tó ń ta ráútà 4G, ẹ̀rọ tó ń fi síímù gba íntánẹ́ẹ̀tì, ní irọ́ lonísátẹ́láìtì ń pa. Àwọn onífáíbà, ìyẹn wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé íntánẹ́ẹ̀tì, ní bí mo bá fẹ́, kí n sanwó ilẹ̀ gbígbẹ́ láti títì wá. Èwo ni kí n rà? Ẹ má sọ pé kí n padà sígboro o.

Bàbá Akin: Ẹ kú ìnira. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun tá a máa fi dá yín lóhùn. Kí lẹ ń lò báyìí? Òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wo ló sún mọ́ yín? Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń lò ó? Ṣé igi yí ilé ká? Iná ńkọ́?

Afínjú: Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ara sátẹ́láìtì wá. Ẹjọ́ ti parí. Sátẹ́láìtì àtijọ́ ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, ìyẹn tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 35,786 lókè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, kó tó lọ kó tó bọ̀, ó ti lé ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ni èmi àti ẹni tí mò ń pè á bá máa sọ̀rọ̀ lura wa. Ti Starlink ò ga tó bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ wọn ò ga ju kìlómítà 600 lọ. Ìdádúró rẹ̀ ò tó nǹkan tẹ́ ẹ máa mọ̀ lára nínú ìpàdé.

Tèmítáyọ̀: Ẹ̀gbọ́n Afínjú, kò tíì parí o. Àwa náà gbé àwo sátẹ́láìtì. Igi ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó bo apá kan ojú sánmà. Bí sátẹ́láìtì bá ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìpè á já, á tún padà. Mo ní ká gé igi. Ọkọ mi fárígá, ó ní bàbá òun ló gbìn ín. Àwọn àbúrò rẹ̀ dá sí i, ó di ìpàdé ẹbí. A ò gé e títí dòní, òpó gíga kan la rì mọ́lẹ̀ tá a gbé àwo lé lórí. Ẹ ṣí áàpù Starlink kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ fi kámẹ́rà fóònù wo ojú sánmà yíká, á fi ibi tí ìdíwọ́ wà hàn yín.

Màmá Àgbà: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ẹ máa kó lọ tán kẹ́ ẹ tó béèrè. Ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jẹun ò yẹ kó ra ilé láìwo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ibẹ̀.

Adùnní Oko: Mà, a ò rà á. Ogún ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáhùn, ẹ ṣé. Ráútà 4G là ń lò o, kì í sì í ṣe yẹpẹrẹ, owó gidi ni mo kó lé e. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé ìpè mi mọ́.

Olóko: Ẹ má tíì lé 4G lọ. Ìpàdé fídíò ẹnìkan kì í sábà gbà ju megabit mẹ́ta sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lọ sínú ètò fóònù yín, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí síímù ṣe ń ṣe, ẹ wo agbára nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. dBm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tó bá sún mọ́ òdo ló lágbára jù. Bó bá wà nítòsí -80, ó dára. Bó bá ti ń sún mọ́ -110, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ béèrè bóyá òpó yín ń lo ìgbì rédíò 700 tàbí 800 MHz, ìyẹn máa ń jìnnà ju 2600 lọ. Ráútà tí wọ́n ń gbé kọ́ síta ni kẹ́ ẹ wá, kẹ́ ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láti ara rẹ̀ wọlé.

Afínjú: Òpó tí gbogbo abúlé ń fà lálẹ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Olóko: Ẹ̀yin náà ẹ sọ ti iná. Bíi wáàtì 75 ni àwo yín ń fà, tọ̀sán tòru. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún wákàtí 24.

Bàbá Akin: Ẹ dákẹ́ ná. Adùnní wa ò tíì dáhùn àwọn ìbéèrè mi yòókù.

Adùnní Oko: Ẹ má bínú, bàbá. Wàhálà ilé ni. Igi wà, ṣùgbọ́n wọn ò sún mọ́ ilé. Ní tòótọ́, nínú ilé gan-an kò burú, àwọn ọmọ ń wo fídíò ní pálọ̀ láìjá. Ibi iṣẹ́ mi ni ìṣòro wà. Kọ̀ntẹ́nà kan lọkọ mi gbé wá fún mi, ó wà nísàlẹ̀ oko lọ́hùn-ún.

Tèmítáyọ̀: Kọ̀ntẹ́nà kẹ̀?

Bàbá Akin: Èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù lórí omi? Irin lókè, irin nílẹ̀, irin lọ́tùn-ún lósì? Ẹ sì jẹ́ ká máa jà nítorí sátẹ́láìtì! Bẹ́ ẹ gbé fáíbà dé pálọ̀ lónìí, ìpàdé yín á ṣì máa já, torí Wi-Fi ò ní wọ inú irin yẹn. Wáyà ni kẹ́ ẹ fà láti ilé lọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé Wi-Fi kékeré sínú rẹ̀.

Afínjú: Wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Wáyà bàbà tẹ́ ẹ fà láàárín ilé méjì náà, bí àrá bá sán, ó lè gbé iná wá ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Fáíbà ni kẹ́ ẹ rì mọ́lẹ̀, kì í gbé iná.

Bàbá Akin: Lórí èyí, mo gbà fún Afínjú.

Màmá Àgbà: Ṣé ìwọ ò lè jókòó sí pálọ̀ ṣiṣẹ́ ni?

Adùnní Oko: Mà, ẹ ò mọ pálọ̀ náà. Ó dáa, mo ti wo fóònù. Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ntẹ́nà, -88. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, ó di -116. Ó jìnnà sílé ju mítà 100 lọ dáadáa, ọkọ mi ò sì ní jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀ oko rẹ̀. Ṣé kí n kúkú gbé Starlink lé orí kọ̀ntẹ́nà fúnra rẹ̀?

Afínjú: Mo ti sọ ọ́ látàárọ̀!

Olóko: Iná kọ̀ntẹ́nà ń ti ibo wá?

Adùnní Oko: Sólà kékeré kan ni. Bátìrì rẹ̀ máa ń kú kílẹ̀ tó ṣú.

Olóko: Ẹ ò rí i? -88 níta tó fún ìpàdé. Ráútà 4G tí wọ́n ń gbé kọ́ síta ò ní fà ju nǹkan bíi wáàtì 10 lọ. Ẹ gbé e kọ́ síta kọ̀ntẹ́nà, kó kọjú sí òpó, ẹ fa wáyà rẹ̀ wọlé sí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ fi ti pálọ̀ sílẹ̀ fáwọn ọmọ.

Adùnní Oko: Ọkọ mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lu ihò sí kọ̀ntẹ́nà náà, torí ó fẹ́ tà á tó bá yá.

Bàbá Akin: Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè, àwọn ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wáyà á gba ibẹ̀. Kó kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ níta kó tó wọlé, kí òjò má baà gba ara rẹ̀ ṣàn wọlé.