Ta ni ó ń jẹun nínú "ìjẹunwòsàn"?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo béèrè lọ́wọ́ yín nínú ẹgbẹ́ wa yìí orúkọ Yorùbá tí ó yẹ kí a máa pe ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ lọ́wọ́, ìmọ̀ bí a ṣe ń lo oúnjẹ fún ìtọ́jú aláìsàn, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní clinical nutrition. Ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ́ ọ lórí ayélujára, ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún oyè másítà. Bàbá wa tí ó ń kọ̀wé sí wa láti Ọ̀yọ́ dáhùn pé "ìjẹunwòsàn" ni kí n máa pe ìmọ̀ náà, wọ́n sì pe ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ ọ ní "ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn-oyè orí afẹ́fẹ́". Àwọn mẹ́ta ti kan sáárá sí wọn. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, nítorí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí, n kò sì lè dákẹ́ lé e lórí, torí pé ọ̀rọ̀ tí a bá fẹnu kò lé lórí níbí ni n ó kọ sí ara ìwé tí aláìsàn yóò mú lọ sílé.

Ti "ẹ̀yìn-oyè" kò gba àkókò. Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti mọ iyì oyè, ta ni ó wà ní ẹ̀yìn oyè bí kò ṣe ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè? Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní lẹ́yìn, nínú postgraduate wọn. Àwa ń wá oyè kún oyè ni. "Ẹ̀kọ́ gboyè kejì" ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì tó. "Orí afẹ́fẹ́" náà, ti rédíò ni. Ẹni tí ó ń gbọ́ rédíò kò lè dá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lóhùn kí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ mi yóò pe orúkọ mi, n ó dáhùn, yóò sì bi mí ní ìbéèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò tíì gba "ayélujára" pàápàá. Ìjà yẹn ti pẹ́ láàárín wa, n kò ní í dá a sílẹ̀ lónìí.

"Ìjẹunwòsàn" ni ó gbé mi dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá kọ ọ́ ní "ìjẹunwosàn", láìfi àmì sórí wò. Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe ọwọ́ ni, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ́ka sí i, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ẹ, nítorí pé a ń sọ pé "wo aláìsàn". Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí wò kì í di ohùn àárín àfi bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí a ṣe ìṣe náà sí. Bí kò bá sí àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò gba ohùn rẹ̀ padà, ìdí nìyí tí a fi ní ìwòsàn, tí gbogbo pátákó ilé ìwòsàn láti Ọ̀yọ́ títí dé ọ̀dọ̀ wa sì fi gbé e bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti olùwà, ìyẹn ẹni tí ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe wí. Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ì- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, jẹun ni ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, wòsàn ni ó tẹ̀ lé e. Bí a bá sín ọ̀rọ̀-ìṣe méjì pọ̀ báyìí, olùwà kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì: ẹni tí ó jẹun náà ni ó ń woni sàn. Aláìsàn ni ó ń jẹun, a jẹ́ pé aláìsàn náà ni ó ń ṣe ìwòsàn. Níbo wá ni nọ́ọ̀sì wà? Níbo ni ẹni tí ó ṣírò oúnjẹ náà, tí ó wọn iyọ̀ inú rẹ̀, tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò kí ó tó sọ iye tí yóò wọ inú rẹ̀ wà? Gbogbo iṣẹ́ tí mo ń kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa ní oṣù méjì sẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Ọ̀fun wọn kò gba nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá gbé omi mì, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ti ihò imú wọn kì bọ inú ikùn. Ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, n ó gbé apá orí ibùsùn wọn sókè, n ó fa ti inú ikùn díẹ̀ wò, n ó wá máa fi sìrínjì da oúnjẹ tí ó kúnná sínú rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, n ó sì fi omi ṣan rọ́bà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà dí. Ọmọ wọn obìnrin ti ọjà dé pẹ̀lú fúláàsì ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ìyá mi ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ há sí mi lẹ́nu. N kò lè sọ pé wọ́n ti jẹun, nítorí wọn kò jẹ nǹkan kan. Bí mo bá sì ní wọn kò tíì jẹun, yóò bú sẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ni ebi kò pa ìyá náà. Mo dá a lóhùn pé, "A ti fún wọn lóúnjẹ." Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì gbé fúláàsì náà kalẹ̀. Gírámà ìmọ̀ yìí pé sínú gbólóhùn kékeré yẹn: àwa ni olùwà, aláìsàn ni a ṣe é fún, oúnjẹ sì wà láàárín wa.

Ẹnìkan nínú yín dábàá "ìbọ́láìsàn", èmi náà sì ronú sí i. Olùwà rẹ̀ tọ̀nà, ohùn òkè tí ó wà lórí bọ́ sì pé, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú fún ìbọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n ta ni a ń bọ́ ní Yorùbá? Ọmọ ọwọ́ ni, ewúrẹ́ ni, adìyẹ ni. Bí mo bá wí fún ọmọ yẹn pé "a ti bọ́ ìyá yín", mo ti sọ ìyá rẹ̀ di ẹran ọ̀sìn lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì dúró ti ibùsùn àgbà lè má ro ti ọ̀wọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí à ń lò ó kò lè ṣe aláìrò ó.

Bàbá tún kọ ọ́ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í kọ́ Ọ̀yọ́ ní Yorùbá. N kò ní í bá wọn du èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú ìlú méjèèjì, ṣùgbọ́n oríkì ìlú mi ni n ó fi gbe ara mi lẹ́sẹ̀. Ìyá ìyá mi a máa kì wá ní òwúrọ̀ bí wọ́n bá ń rokà lọ́wọ́, wọn a kan orógùn mọ́ etí ìkòkò kí wọ́n tó wí pé: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Ọkà, jíjẹ ni. Ẹ̀kọ gbígbóná, mímu ni. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kì wá kò da méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi ìyá àgbà náà léèrè, oúnjẹ ni ọkà, oúnjẹ ni ẹ̀kọ. Nígbà náà, "ìjẹun" kò gba ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n "oúnjẹ" gbà á. Àbúrò wa kan sọ pé jẹ wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Àmọ́ jẹ ti inú oúnjẹ ti sùn tipẹ́, kò béèrè ẹnu mọ́, kò béèrè olùwà. Jẹ ti inú ìjẹun lajú sílẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò jẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìmọ̀ tí à ń wí. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà Stanley Dudrick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ọmọ ajá lóúnjẹ, àwọn ọmọ ajá náà sì dàgbà. Lónìí, ẹni tí ìfun rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ń gba ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti purotéènì tí a ti tú sí wẹ́wẹ́ láti inú iṣan. Kò jẹ, kò mu, kò gbé nǹkan mì. Orúkọ wo ni Bàbá yóò fún ìyẹn?

Ẹni tí ó gbé "abẹ́rẹ́ àjẹsára" kò mí lójú ni ó sún mọ́ mi jù nínú àríyànjiyàn yìí. Ó ní a kì í fi ẹnu jẹ abẹ́rẹ́, síbẹ̀ jẹ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń ráhùn. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ kan. Ohun tí mo rí ni pé àjẹsára ti wà kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé. Oògùn ni, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, kí ara lè le sí ohun tí ń bọ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, a kò ṣẹ̀dá àjẹsára fún un. A wulẹ̀ fi àjẹsára ṣàpèjúwe rẹ̀ ni, nítorí ohun tí ó ń ṣe nínú ara. Olùwà rẹ̀ kò sì yí padà: ẹni tí ó gbà á náà ni olùwà síbẹ̀. Ti èyí tí à ń wí yàtọ̀, nítorí pé ẹlòmíràn ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí aláìsàn.

N kò tíì kan wòsàn. Ìlérí ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, oúnjẹ kò sì lè mú un ṣẹ lójoojúmọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, tí a ní kí ó dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn kù nítorí èròjà potassium tí ó wà nínú wọn, kò jẹ oúnjẹ náà kí kíndìnrín lè padà sí bí ó ti wà. Ó ń jẹ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ má baà ṣiṣẹ́ gbòdì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, oúnjẹ gan-an ni ó lè pa ènìyàn. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní oṣù tí ó kọjá nìyẹn. Bí ebi bá ti pa ènìyàn pẹ́, tí a sì rọ́ oúnjẹ fún un lójijì, èròjà fọ́síféètì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n rí i lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a fi mílíìkì F-75 bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí àìjẹunkánú ti wọ̀ lára tí ara rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀, kálórì 75 nínú mílílítà 100, kí ó tó kan F-100 tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ rọ ọmọ ní ẹ̀kọ, yóò ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Bí mo bá wá gbé ìwé tí a kọ "ìjẹunwòsàn" sí lé e lọ́wọ́, ṣé kò ní í rò pé mo ní kí ó máa rọ ọ́ lọ?

"Ìfoúnjẹtọ́jú" ni mo mú wá síwájú yín. Fi ni ó gbé olùwà sí ibi tí ó yẹ, nítorí pé ẹni tí ó di oúnjẹ mú ni ó ń fi í ṣe nǹkan. Ọ̀nà kan náà ni ìfètòsọ́mọbíbí gbà wọlé, ẹ sì rántí bí wọ́n ti ráhùn nítorí gígùn rẹ̀. Lónìí, ìyá tí kò ka ìwé ń pè é láìkọsẹ̀. Tọ́jú kò ṣe ìlérí ju agbára rẹ̀ lọ. Ìyá mi, tí ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì nílùú tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní ilé ìwòsàn láti 1907, ń pe àwo tí iyọ̀ rẹ̀ kéré ní "oúnjẹ ìtọ́jú". Kò jókòó ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni ó ti bọ́ sí i lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kwashiorkor ṣe di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Ní 1933, Cicely Williams, dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí a ń pè ní Gánà báyìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí ara wọn ń wú. Nígbà tí ó di 1935, ó pe àìsàn náà ní orúkọ tí àwọn tí ń sọ èdè Gá ń pè é: àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí wọ́n bí àbúrò lé. Kò sí oúnjẹ nínú ìtumọ̀ rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó gba ọmú lẹ́nu ọmọ ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ìyá náà mọ olùwà.

Ibi kan ṣẹ́kù tí ó ń dà mí láàmú. Bàbá fi "ajẹunwonisàn" pe dietitian, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn, àti nutritionist, ẹni tí ó kọ́ nípa oúnjẹ, papọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin dáàbò bo orúkọ dietitian, ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ lórí nutritionist. Oyè tí mo ń wá kò sọ mí di dietitian. Bí a bá fi orúkọ kan pe àwọn méjèèjì, èmi náà yóò máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tèmi níwájú aláìsàn. Mo fara mọ́ "onímọ̀ oúnjẹ" fún nutritionist. Fún dietitian, n kò tíì mọ̀ bóyá "afoúnjẹtọ́jú" ni tàbí "olùfoúnjẹtọ́jú". A- ń bá akọ̀wé àti apẹja lọ, olù- sì ń bá olùkọ́ àti olùtọ́jú lọ. Olù- ni ó sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu. Ẹ bá mi dá sí i.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa ni kí a kọ ìwé pélébé kan fún aláìsàn ní èdè tí ó gbọ́, mo sì ní láti fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti kọ "Ìfoúnjẹtọ́jú" gàdàgbà sí òkè rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí orúkọ iṣẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i yẹ kí ó wà, mo fa ìlà, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo.